Ojú Ẹnì Kan Kò Rí Bí Ti Ẹnì Kejì



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí ó yẹ kí àlùfáà wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, mo rán ọmọdékùnrin kan nínú àwọn tí ń sìn lórí pẹpẹ pé kí ó tẹ́ ẹ̀wù Mísà sílẹ̀ dè mí. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀wù pupa ni mo bá lórí tábìlì. Mo bá a wí, mo sì bá a wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o kò ha mọ̀ pé ti Pẹ́ńtíkọ́sì àti ti àwọn Ajẹ́rìíkú ni pupa?” Ó dáhùn pé, “Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Fáda. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìgbọràn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ni a tó mọ̀ pé pupa àti àwọ̀ ewé jọ ara wọn lójú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí lónìí.

Kí ni ó ń ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀? Ní ẹ̀yìn ẹyinjú wa lọ́hùn-ún, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Nínú awọ náà ni àwọn ohun tíńtìntín wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àwọ̀ mọ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, olúkúlùkù sì ní irú ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n gbà jù. Bí oríṣi kan kò bá sí, tàbí bí kò bá ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ẹni náà yóò ríran kedere, yóò sì kàwé bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ kan yóò dàpọ̀ mọ́ ara wọn lójú rẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé ni ó sábà máa ń dàpọ̀ jù. Àwọn tí kò rí àwọ̀ kankan rárá ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Dalton, ṣàlàyé irú ojú yìí ní gbangba ní ìlú Manchester ní ọdún 1794. Ojú ara rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀; ti arákùnrin rẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ó rò pé omi aláwọ̀ aró kan ni ó wà nínú ẹyinjú òun, ó sì ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí òun bá kú. Ó kú ní ọdún 1844. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, omi náà mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ẹyinjú náà pamọ́, ní ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ sì wá rí i níbẹ̀ pé ohun àjogúnbá ni, pé oríṣi kan nínú mẹ́ta nì ni kò sí.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ fi etí sí ibí yìí dáradára. Ètò ojú tí mo ń wí yìí wà lórí okùn àjogúnbá kan tí obìnrin ní méjì rẹ̀, tí ọkùnrin sì ní ẹyọ kan. Bí ti obìnrin kan bá ní àbùkù, èkejì a máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀; ọkùnrin kò ní èkejì. Nítorí náà ni ó fi pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Láàárín àwọn ará Yúróòpù, ó tó ọkùnrin 1 nínú 12, àti obìnrin 1 nínú 200. Láàárín àwa ènìyàn dúdú, ó kéré sí èyí, ṣùgbọ́n ó wà. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á, bí ojú ìyá náà tilẹ̀ dá gbogbo àwọ̀ mọ̀. Kí ọkọ má ṣe dá aya rẹ̀ lẹ́bi, kí ẹbí ọkọ má sì ṣe pè é ní àjẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa léèrè ẹni tí ó ṣẹ̀ tí a fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Ó sọ fún wọn pé kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dàgbà nínú ilé kí ẹnikẹ́ni má fura. Èdè wa wà lára ohun tí ó fà á. Funfun, pupa àti dúdú ni orúkọ àwọ̀ mẹ́ta tí àwọn baba wa fi kó gbogbo àwọ̀ jọ. A ní ewé dúdú mìnìmìnì, a sì ní aró dúdú. A ní ẹ̀jẹ̀ pupa, a sì ní epo pupa. Èyí kò sọ pé àwọn baba wa kò ríran. Ahunṣọ mọ ẹtù yàtọ̀ sí sányán, ó sì mọ sányán yàtọ̀ sí àlàárì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń fi orúkọ mẹ́ta yìí sọ̀rọ̀ nílé lè ṣe é kí àṣìṣe rẹ̀ má hàn. Nígbà tí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́, tí a ní kí ó kun ewé igi, tí ó sì fi àwọ̀ ilẹ̀ kùn ún, nígbà náà ni ẹgba máa ń sọ̀rọ̀.

Ẹ rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Apple Junction ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ó ra tòmátì tí ó pọ́n wá. Ó lè mú aláìpọ́n mọ́ ọn, kí ẹ sì rò pé ó lọ ṣeré lọ́nà. Dípò ìbáwí, ẹ kọ́ ọ kí ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí ó bi ẹni tí ń tà á. Ní ibi tí iná tí ń darí ọkọ̀ bá wà lóòró, ẹ kọ́ ọ pé pupa ni ti òkè, àwọ̀ ewé ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ orúkọ àwọ̀ sára páálí tí a fi wé ẹfun ìkùn, ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan ṣe àmì ohunkóhun lójú pátákó.

Bí ẹ bá fura, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ìwé kan wà tí ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Shinobu Ishihara, ṣe ní ọdún 1917, tí ó kún fún àwòrán tó-tò-tó. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá àwọ̀ mọ̀ yóò rí nọ́ńbà láàárín rẹ̀. Ẹni tí kò dá a mọ̀ lè má rí i, tàbí kí ó rí òmíràn. Fún ọmọ tí kò tíì mọ nọ́ńbà, àwọn kan wà tí ó ní ìlà tí ó lè fi ìka tọ̀. Kò sí oògùn tí a lè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín fún un. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ọmọ tí ń fẹ́ wa ọkọ̀ òfúrufú mọ̀ ní ọmọ ọdún 8 pé wọn yóò dán ojú òun wò, ju kí ó gbọ́ ọ ní ọmọ ọdún 20.

Àgbàlagbà tí àwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pòórá lójú rẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Àrùn ojú lè fà á, oògùn kan tí a ń lò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ náà sì lè fà á. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe jáfara láti lọ rí dókítà.

Ní ti ọmọ wa, a rán kókó òwú sí abẹ́ ọrùn àwọn ẹ̀wù Mísà: kókó kan fún àwọ̀ ewé, méjì fún pupa, mẹ́ta fún elése àlùkò. Láti ìgbà náà ni kò ti ṣì mú mọ́. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ní ibi tí mo ti bá a wí gan-an, nítorí pé èmi tí mo rí pupa àti àwọ̀ ewé kò rí ọmọ tí ó dúró níwájú mi. Kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè sí ọmọ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè pé, “Kí ni ìwọ rí?”

Kí Olúwa la ojú gbogbo wa. Àmín.