Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ìrúfin àti Arúfin, àti Bí A Ṣe Lè Fi Yorùbá Pè Wọ́n

1. Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Fìdítì, ìlú ọlọ́sàn tí ó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ó jí apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan gbé. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé èdè tí ó yé e ni kí a fi sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, àti pé kí ó ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀ bí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ irú Yorùbá tí ògbufọ̀ yóò sọ. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè, olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá yẹ̀ lẹ́nu ògbufọ̀, ẹ̀wọ̀n lè tẹ̀lé e.

2. Crime kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ crime. Ẹ̀ṣẹ̀ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ènìyàn lè ṣẹ Ọlọ́run, ó lè ṣẹ òbí, ó sì lè ṣẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìwà tí òfin àkọsílẹ̀ kà léèwọ̀, tí ó sì fi ìjìyà sí, ni à ń pè ní crime. Ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, ní 1961, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá obìnrin kan lẹ́bi nítorí panṣágà. Ilé ẹjọ́ gíga sì fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé kò sí òfin àkọsílẹ̀ kan níbẹ̀ tí ó ka panṣágà sí crime. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú Yorùbá, ìrúfin kọ́.

A dábàá ìwà ọ̀daràn fún crime, àti ìrúfin fún offence, tí ó kó ńlá àti kékeré pọ̀. Ẹni tí ó wakọ̀ láìní ìwé àṣẹ rú òfin, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é ní ọ̀daràn?

3. Ìpele ìrúfin

Criminal Code, tí ó kárí Nàìjíríà ní 1916, tí Àríwá sì fi Penal Code rọ́pò rẹ̀ ní 1960, pín ìrúfin sí ọ̀nà mẹ́ta. Felony ni èyí tí ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Misdemeanour ni èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó oṣù 6 ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún 3. Simple offence ni ìyókù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjì àkọ́kọ́ rẹ́ ní 1967. A dábàá ìrúfin ńlá, ìrúfin àárín àti ìrúfin kékeré. Kò yẹ kí a máa wá ọ̀rọ̀ líle kiri níbi tí èyí tí ó rọrùn ti tó.

4. Olè kan kò jọ èkejì

Olè jíjà ni stealing. Robbery ni olè jíjà tí a fi ipá tàbí ìhàlẹ̀ kún: ìfipájalè. Kí ògbufọ̀ má ṣe pè é ní ìdigunjalè bí a kò bá dárúkọ ohun ìjà, nítorí pé ìdigunjalè lè mú ikú wá.

Ìfọ́lé ni housebreaking. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́, ó di burglary, ẹ̀wọ̀n gbére sì lè tẹ̀lé e. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni òfin náà ń pè ní alẹ́. Nítorí náà, ìfọ́lé alẹ́ ni a dábàá, kì í ṣe ìfọ́lé òru, nítorí pé òru Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti receiver, agbódegbà wà nílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin náà gbà bẹ́ẹ̀: ọdún 3 ni ti olè lásán, ti agbódegbà lè tó 14.

5. Orúkọ ẹni tí ọ̀ràn kàn

Àwọn oníròyìn ti sọ afurasí di ọ̀rọ̀ fún suspect. Ẹ jẹ́ kí a wo ohùn rẹ̀. Apẹja ni ó ń pẹja. Apànìyàn ni ó ń pa ènìyàn. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà yìí, ẹni tí ó ń fura ni afurasí, èyí tí í ṣe ọlọ́pàá! Ṣùgbọ́n a ní àyànfẹ́, ẹni tí a yàn fẹ́, àti àfẹ́sọ́nà, ẹni tí a fẹ́ sọ́nà. Nítorí náà, àfurasí, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ni ó tọ́. Àmì ohùn kan ni ó ya ẹni tí à ń mú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń múni.

Olùjẹ́jọ́ ni defendant, ọ̀rọ̀ tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ń lò dípò accused. Ọ̀daràn kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni àfi lẹ́yìn ìdájọ́, nítorí pé aláìlẹ́bi ni Òfin Ìpìlẹ̀ ka olúkúlùkù sí títí a ó fi fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé “ọlọ́pàá mú ọ̀daràn kan” ti dá ẹjọ́ kí ilé ẹjọ́ tó jókòó. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó léwu ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: guilty. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa a máa dọ̀bálẹ̀ níwájú àgbà, a ní “mo jẹ̀bi, ẹ má bínú”, bí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, kí ìjà lè parí. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin Fìdítì wa bá sọ ọ́ níwájú adájọ́, adájọ́ lè dá a lẹ́bi lórí rẹ̀ láìpe ẹlẹ́rìí kan. A dábàá pé kí ògbufọ̀ fi “o jẹ̀bi tàbí o kò jẹ̀bi?” sílẹ̀, kí ó bi í pé: “Ǹjẹ́ o gbà pé o ṣe ohun tí ẹ̀sùn yìí sọ, tàbí o kò gbà?” Ìwà ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ sí ẹ̀wọ̀n.