Mo Ní Kí Wọ́n Wo Jíìnì Mi, Wọ́n Fún Mi Ní “AA”

Lóṣù tó kọjá, mo wọkọ̀ láti Ìjù lọ sí láàbù kan ní Sango. Jẹjẹrẹ ọmú ti pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin méjì, kò sì sí èyí tó pé ẹni 50 ọdún nínú wọn. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò jíìnì. Ó ní, “Kò sí wàhálà, àǹtí, ẹ jókòó.” Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni AA.

Mi ò bá a jà. Lọ́dọ̀ wa, téèyàn bá ti dárúkọ jíìnì, genotype ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ àyẹ̀wò méjèèjì yàtọ̀ síra. Ẹ jẹ́ ká fi èyí tá a mọ̀ ṣàlàyé èyí tá ò mọ̀.

Kí ni genotype ń wò?

Hemoglobin ni, ìyẹn èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí bébà, wọ́n á fi iná mànàmáná tì í, ibi tó bá rìn dé ló máa sọ bóyá A ni tàbí S. Lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ló ya A sọ́tọ̀ sí S, ojú kan náà ló sì máa ń wà.

BRCA wá ńkọ́?

Gbogbo wa la ní BRCA1 àti BRCA2, tọkùnrin tobìnrin. Iṣẹ́ wọn ni láti tún DNA ṣe nígbà tó bá já. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, àṣìṣe lè máa pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, kí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin sì ráyè wọlé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lẹ́tà tó ń ṣiṣẹ́ nínú BRCA1 lé ní 5,500, ti BRCA2 sì lé ní 10,000. Ibikíbi ló ti lè bàjẹ́. Genotype dà bíi kéèyàn wo ọ̀rọ̀ kan lójú ewé kan. BRCA dà bíi kéèyàn ka odindi ìwé láti wá àṣìṣe kan. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n, tí wọ́n sì máa ń fi ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun.

Ṣé ti bàbá kàn mí?

Màmá mi ní, “Ìdílé bàbá ẹ nìyẹn, kò kàn ẹ́.” Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o! Bàbá lè gbé e fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe lè gbé e. Bí ìgbà tá a ju kọ́ìnì sókè ni, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tó jẹ́ SS, S méjì ló gbọ́dọ̀ gbà. Ní ti BRCA, ẹyọ kan tó bàjẹ́ ti tó láti mú kí ewu pọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ló máa ṣàìsàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi hàn pé, nínú obìnrin 10 tó ní i, bíi 7 ni jẹjẹrẹ ọmú máa mú kí wọ́n tó pé 80 ọdún.

Ẹ má sì sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Funmi Olopade, tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Ìbàdàn. Nínú 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 tó jogún jíìnì tó bàjẹ́: BRCA1 jẹ́ 7, BRCA2 jẹ́ 4.

Kí la lè ṣe?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìdílé méjèèjì: ta ló ṣàìsàn, irú èwo, ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ béèrè nípa jẹjẹrẹ próstéètì àwọn ọkùnrin náà. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ yẹn lọ bá dókítà. Kódà láìsí owó àyẹ̀wò jíìnì, ó lè ní kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọmú wò. Bówó bá sì wà, ẹni tó ti ní àìsàn náà ló dáa kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá rí ibi tó ti bàjẹ́, ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n máa wò lára àwọn ẹbí tó kù, bíi ti genotype, owó rẹ̀ á sì dín kù.

Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti lọ, ẹnikẹ́ni ò ka ìwé tiwọn. Àmọ́ bàbá mi ṣì wà. Lọ́jọ́ Sunday, màá jókòó tì wọ́n, màá sì béèrè.