Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Ní Kò Sí: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Yàrá Àkọsílẹ̀ Wa



Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí àwa tí a ń bójú tó àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn yìí, a kọ́kọ́ rò pé kí a ròyìn bí a ṣe kó àwọn ìwé ìwọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ wá sínú kọ̀ǹpútà. Ìròyìn ayọ̀ ni ìyẹn ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n a gbà pé ibi tí iṣẹ́ náà ti kọ̀ wá ni yóò wúlò jù fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, àti fún ẹ̀yin tí orúkọ ọmọ yín wà lọ́wọ́ wa.

Lẹ́tà kan láti òkè òkun ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà. Arábìnrin kan tí ó kàwé jáde lọ́dọ̀ wa ń wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, àwọn tí yóò gbà á sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́rìí sí i pé ó kàwé níbí lóòótọ́. Akọ̀wé wa tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ètò ìpamọ́ ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé kò sí. Ó tún un tẹ̀, kò sí náà ni. Ó ti ń kọ èsì lọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, kí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà tó yà bá a, tí ó ka orúkọ náà, tí ó sì pariwo pé òun ni òun kọ́ ọmọ náà ní Ìmọ̀ Bíbélì. A ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, a gbé rẹ́jísítà jáde, a gbọn eruku rẹ̀ nù. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ó bá mọ Ìwé Ẹ́sírà yóò rántí àwọn àlùfáà kan ní orí kejì, tí wọ́n ti ìgbèkùn Bábílónì dé, tí wọ́n wá orúkọ ìdílé wọn nínú àkọsílẹ̀ tí wọn kò rí i, tí a sì yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Ní gbogbo ìgbà tí a ti ń ka orí náà, àwọn àlùfáà ni a máa ń bi léèrè nínú ọkàn wa. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, akọ̀wé tí ó kọ ìwé náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí bi.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ètò yìí jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá, báńkì àti ìjọba ni ó sábà máa ń lò ó. Irú rẹ̀ ni SharePoint tí Microsoft mú jáde ní 2001, Alfresco tí a dá sílẹ̀ ní 2005, àti Nextcloud tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2016. Wọ́n ń tọ́jú ìwé. Wọ́n ń pa gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ bí a ti ń tún un kọ. Wọ́n mọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti wò ó. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ akọ̀wé dé ọwọ́ ọ̀gá fún ìbuwọ́lù. Wọ́n sì ń ṣe atọ́ka tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. A kò ní dárúkọ èyí tí a ń lò, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn tí ó ṣe é. Bí ẹni ra aṣọ lọ́jà tí ó gbé e fún télọ̀ kí ó lè bá a mu ni a ṣe sí i: a fi àyè kún un fún ọdún ìwọlé, fún orúkọ òbí, fún ìlú àbínibí, a sì kọ àwọn òfin kéékèèké tí yóò máa darí ìwárí nínú àwọn àyè náà. Ojú rírán tiwa ni ó tú.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, kòkòrò ni wọ́n ń pe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Thomas Edison ti lò ó nínú lẹ́tà ní 1878. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Mark II ní Yunifásítì Harvard rí àfòpiná kan tí ó há sínú ẹ̀rọ náà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi téépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ sí i pé kòkòrò gidi ni àwọn rí. Tiwa kò ní ìyẹ́ tí a lè fi ọwọ́ mú.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun tí a kọ́kọ́ ṣe. Ojú ń kán wa, nítorí arábìnrin náà ń dúró. Ní òru ọjọ́ kan, lórí iná jẹnẹrétọ̀, a yí àṣẹ ìwòwé padà, a tún òfin ìwárí kọ, a sì ní kí ètò náà tún gbogbo atọ́ka rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn orúkọ kan tí ó sọnù ti padà, àwọn kan tí ó wà tẹ́lẹ̀ sì ti pòórá. Kò sí ẹni nínú wa tí ó lè sọ èwo nínú nǹkan mẹ́ta náà ni ó fa èwo. Alágbàṣe tí ó fún ọmọ ní egbòogi mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni a jọ. Bí ara ọmọ náà bá yá, kò mọ èyí tí ó gbà á, bí kò bá sì yá, kò mọ èyí tí ó pa á lára.

A dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí ó ti wà. A ṣe ẹ̀dà ètò náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣiṣẹ́, a sì fẹnu kò pé orí ẹ̀dà yìí nìkan ni a ó ti máa dán nǹkan wò, ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kí a tó fọwọ́ kan èkejì. Ìwé ẹ̀kọ́ lásán ni a kọ ọ́ sí, irú èyí tí àwọn ọmọ ń lò. Òun ni irinṣẹ́ tí ó ràn wá lọ́wọ́ jù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a kọ sínú rẹ̀ ni pé: ṣé lára ohun tí a rà ni àṣìṣe yìí wà ni, tàbí lára ohun tí a fi kún un? A wá orúkọ náà láti inú àpótí ìwárí tí ètò náà bá dé; ó rí i. A wá a láti inú àyè tí àwa fúnra wa ṣe. Kò rí i. Iṣẹ́ ti já sí ìdajì nìyẹn, nítorí a ti mọ agbo ilé tí olè náà wà, agbo ilé tiwa sì ni. A ka ohun tí ètò náà ń kọ fúnra rẹ̀ sílẹ̀ nípa gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́, ó wá orúkọ náà, kò rí nǹkan kan, iṣẹ́ sì parí láìsí wàhálà. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé òun ṣì í.

Lẹ́yìn náà ni a sọ ọ̀ràn náà di kékeré. A kò tẹ orúkọ náà tán mọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì ni a ń tẹ̀. Lẹ́tà kìíní, ó rí i. Lẹ́tà kejì, ó ṣì rí i. Nígbà tí a kan lẹ́tà kẹta, tí í ṣe ẹ́, orúkọ náà lọ pátápátá.

Nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà. Unicode, ìlànà tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó fún é ní nọ́ńbà kan. Ó fún ẹ ní nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí àwa ń kọ lójoojúmọ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ni a fi ń ṣe é. Ẹnì kan lè mú ẹ kí ó fi àmì ohùn òkè lé e. Ẹlòmíràn lè mú é kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ẹnì kẹta lè mú e lásán kí ó to àmì méjèèjì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ tí a ní kí ó máa fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó kó rẹ́jísítà sínú kọ̀ǹpútà lo kọ̀ǹpútà alágbèéká, akọ̀wé wa sì wá orúkọ láti orí fóònù. Kíbọ́ọ̀dù méjèèjì kò to àmì bákan náà. Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, ìyàtọ̀ ṣ àti s ni ó dá àwọn ará Éfúráímù dúró ní ìwọdò Jọ́dánì. Tiwa kò tilẹ̀ jẹ́ ìyàtọ̀ tí etí lè gbọ́.

Ìlànà Unicode mọ̀ nípa ìṣòro yìí, ó sì ní ọ̀nà tí a fi ń sọ onírúurú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan. Àpótí ìwárí tí ètò náà bá dé ń ṣe é láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Àyè tí àwa ṣe kò ṣe é, nítorí àwa ni a kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé kí ohun tí a wá àti ohun tí ó wà bára mu pátápátá. A rò pé ìṣọ́ra ni. A fi ìlànà náà sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí orúkọ bá ń wọlé àti nígbà tí a bá ń wá a, orúkọ arábìnrin náà sì yọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó yọ ṣá o. Àwọn kan tẹ ìlà kékeré tó dúró gangan sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, Unicode sì ka méjèèjì sí àmì ọ̀tọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀kan. Òfin tiwa ni a ní láti kọ fún ìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ní kí a kúkú yọ gbogbo àmì kúrò lórí gbogbo orúkọ, kí a sinmi. A kọ̀. Ẹni tí ó bá yọ àmì kúrò lára ọ̀ṣọ́ àti oṣó yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n dà, a kò sì fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni di oṣó nínú ìwé wa. Atọ́ka nìkan ni a gbà kí ó ní ẹ̀dà aláìlámì gẹ́gẹ́ bí àwọ̀n kejì; orúkọ inú àkọsílẹ̀ dúró bí a ti kọ ọ́.

Àgbègbè wa ní kòkòrò tirẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà ìpàdé Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá ni àkọtọ́ ti ń yí padà, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì sọ aiye di ayé. Nítorí náà ni ìlú kan náà fi jẹ́ Aiyetoro nínú ìwé kan, tí ó sì jẹ́ Ayétòrò nínú òmíràn. Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi àdéhùn la ilẹ̀ wa sí méjì, ọmọ tí ó bá sì ti Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lè máa jẹ́ Olatoundji, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ máa jẹ́ Ọlátúnjí. Kò sí òfin nọ́ńbà tí ó lè mọ ìyẹn. Ọwọ́ ni a fi to àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ ní méjì-méjì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń tajà ní Ìdí-Ìrókò, tí wọ́n mọ ẹni tí ó bí ẹni ní ìhà méjèèjì.

Ibi tí a ti ṣìṣe jù ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbádò. Ní 1995 ni àwọn ènìyàn wa gba orúkọ Yewa, láti ara odò náà. A fẹ́ kí ẹni tí ó bá wá Yewa lè rí ìwé tí ó ní Ẹ̀gbádò nínú. Dípò kí a sọ fún atọ́ka pé ọ̀kan ni méjèèjì, a kọ òfin tí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé gan-an. Fún ọjọ́ méjì gbáko, ìwé ẹ̀rí tí a kọ ní 1972 ń sọ pé Yewa ni ìlú ọmọ náà wà, orúkọ tí àgbègbè náà kò tíì jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mú irú rẹ̀ dé iwájú òṣìṣẹ́ ìwé ìrìnnà, ayédèrú ni yóò pè é, kò sì ní jẹ̀bi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ètò náà ń pa gbogbo ẹ̀dà mọ́; a dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, a ní àkọsílẹ̀ ogójì orúkọ tí ó ti yọ wá lẹ́nu rí. Bí a bá fọwọ́ kan òfin kankan, bó ti wù kí ó kéré tó, a ó kọ́kọ́ wá gbogbo ogójì náà lórí ẹ̀dà ìdánwò kí ó tó dé orí èyí tí akọ̀wé ń lò.

A tún yí ohun kan padà tí kò kan kọ̀ǹpútà rárá. Akọ̀wé kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé mọ́ pé ẹnì kan kò kàwé lọ́dọ̀ wa àyàfi tí ènìyàn méjì bá ti ṣí rẹ́jísítà ọdún náà, tí wọ́n sì buwọ́ lù ú.

Ìwé arábìnrin náà lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹ̀dà ojú ewé rẹ́jísítà tí orúkọ rẹ̀ wà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn tí ó ṣẹ́kù ni àwọn ọdún tí olùkọ́ tí ń kọ rẹ́jísítà kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan dípò orúkọ, àti ojú ewé mélòó kan tí ikán ti jẹ etí rẹ̀. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, a ó gbé àwọn ìwé wọ̀nyí sórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú bírò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó wọlé, ẹ wá ojú ewé ọdún yín, kí ẹ sì kọ orúkọ tí ẹ fi wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.