Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ọ́ÌLÌ NI Ó Ń GBA IRIN LỌ́WỌ́ IRIN

Láti Ìgbọ́kọ̀dá títí dé Ayétòrò, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì fi owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, gbèsè kì í kú. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ọ́ìlì.

Nínú ẹ́ńjìnnì tí a ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, iná máa ń bú nínú sílíńdà nígbàkígbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 5,000 náà ni písítìn yóò lu bẹ́rìn bí òòlù. Gíà náà rí bẹ́ẹ̀: bí a bá ti fà á, eyín irin kan á lọ kọlu èkejì.

Ọ́ìlì ni ó ń tẹ́ bí ẹní sáàárín irin méjèèjì. Bí kò bá sí, irin á máa ha irin, ooru á mú wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì máa já ara wọn jẹ. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kò mú ìlù náà kúrò o. Irin tí a ń lù léraléra á là lábẹ́ awọ, èèpo rẹ̀ á sì máa bó. Ọ́ìlì tí ó mọ́ ń sún ọjọ́ náà síwájú. Omi inú ọ́ìlì ń fà á súnmọ́ tòsí.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ tẹ̀lé ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Bí ó bá ní kí a da lítà ọ́ìlì 1 sí lítà pẹtiróòlù 50, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gba ìdajì lítà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: bí ó bá kéré, irin á jẹ, bí ó bá pọ̀ jù, pọ́lọ́ọ̀gì á dọ̀tí.

2. Ẹ wo TC-W3 lára agolo. Ẹ má lo ọ́ìlì mọ́tò, ẹ má sì lo ọ́ìlì dúdú tí a ti lò; ẹ̀rúnrún irin wà nínú rẹ̀.

3. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ní wákàtí 100 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń rin wákàtí 5 lóòjọ́, ọjọ́ 20 péré ni. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ síìlì pẹ̀lú.

4. Ẹ rẹ iná ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ tó fa gíà, kí ẹ sì fà á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Fífà á díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ orí eyín rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹlòmíràn ń bá wa ọkọ̀, ẹ ka èyí sí awakọ̀ yín létí. Owó ọ́ìlì kò tó owó ẹ́ńjìnnì. Ó di oṣù tí ń bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́