Ẹ̀KỌ́ KEJE: OHUN TÍ ÈÉFÍN ỌKỌ̀ Ń FI HÀN

Epo bẹntiróòlù kì í jó láìsí afẹ́fẹ́. Kí kílò epo kan tó jó tán nínú ẹ́ńjìnì, ó nílò afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7. Bí epo bá pọ̀ jù, tàbí tí ọ́ìlì tàbí omi bá bá a jó, ẹnu sàlẹ́ńsà ni àṣírí yóò ti tú.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ìta gbangba, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ má tẹ iná. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa kí ẹ tó wo èéfín. Ní òwúrọ̀, èéfín funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti omi tó ń kán kì í ṣe àrùn; bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, wọn yóò dáwọ́ dúró.

Èéfín dúdú: Epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Fílítà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, torí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí èéfín kò bá lọ, ẹ tú plọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú, tó gbẹ bí ìdí ìkòkò orí iná igi, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ ínjẹ́tọ̀ àti sẹ́ńsọ̀ wò kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Èéfín aláwọ̀ aró: Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń jó. Ẹ fa gééjì yọ, kí ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ń dínkù. Ó lè jẹ́ ríǹgì písítìnì ló ti jẹ.

Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró: Omi rádíétọ̀ lè máa wọ ẹ́ńjìnì, pàápàá bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti jó. Ẹ má ṣí rádíétọ̀ nígbà tó gbóná.

Ẹ ṣọ́ra!

Gáàsì tí à ń pè ní carbon monoxide ń bá èéfín jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki bọ ẹnu sàlẹ́ńsà ló ń wọ̀n ọ́n. Ojú kò lè rí i. Ẹ má sítáàtì ọkọ̀ nínú gáréèjì tí a tì pa, ẹ má sì sùn nínú ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a fi ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná kí a tó wo èéfín?
2. Èéfín dúdú ń jáde. Kí lẹ máa kọ́kọ́ yọ wò?
3. Ọkọ̀ kan kò rú èéfín rárá. Ṣé ó dára kí a sítáàtì rẹ̀ nínú gáréèjì tí a tì? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.