Okùn Tí Ó Yẹ Gìtá Oníná

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń tọ́jú ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀rọ̀ okùn gìtá ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó, gìtá oníná ti wọ ilé ìsìn, ó sì ti jókòó ti dùùrù. Owó ìjọ ni a fi rà á, àwọn ọmọ wa ni ó sì ń ta á. Ṣùgbọ́n bí okùn rẹ̀ bá já, ẹni tí a rán lọ sí ọjà kì í sọ ju èyí lọ: “Ẹ fún mi ní okùn gìtá.” Láti inú ọ̀rọ̀ tí kò kún yìí ni ìpalára ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí gìtá oníná ti ń sọ̀rọ̀. Irin òòfà ni ó wà lábẹ́ àwọn okùn rẹ̀, a sì wé wáyà bàbà tín-ín-rín yí i ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nígbà tí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà náà, iná kékeré a dìde nínú wáyà, a sì lọ sínú ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè. Nítorí náà, okùn tí òòfà kò lè fà kò ní ohùn níbẹ̀. Okùn ọ̀rá yóò yadi pátápátá. Okùn gìtá tí kì í lo iná, èyí tí a fi idẹ wé, ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí òun kò yadi tán. Òòfà kò mọ idẹ. Kìkì irin inú rẹ̀ ni ó mọ̀. Àwọn okùn ńlá mẹ́rin a máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn méjì kékeré tí a kò wé nǹkan mọ́ a sì máa pariwo. Ìjọ yóò rò pé ọwọ́ ọmọ náà ni kò dára, wọn yóò sì bá a wí lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Okùn irin tí a fi níkẹ́ẹ̀lì bò ni kí a béèrè.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà. Bí ẹ bá rí 9, 10, 11 tàbí 12 lára páálí okùn, ìnípọn okùn tí ó kéré jù ni, tí a fi ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì kà. Nínú páálí 10, okùn kékeré jẹ́ 10, èyí tí ó tóbi jù sì sábà máa ń jẹ́ 46. Ìyàtọ̀ 9 sí 10 dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ wò ó: 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, 10 lọ́nà 10 sì jẹ́ 100, bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbára tí okùn fi ń fa ọrùn gìtá ti ń pọ̀ sí i. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn ní ínṣì 25½, okùn 9 ń fà tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 13, okùn 10 ń fà tó 16. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú páálí 10 ń fà ju pọ́n-ùn 100 lọ lápapọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì kan tí a so rọ̀ mọ́ ọrùn gìtá ní ọ̀sán àti ní òru.

Àwọn onígìtá jáàsì kò bẹ̀rù ẹrù yìí. Wes Montgomery ti Amẹ́ríkà, tí ó kú ní 1968, lo okùn tí ó nípọn gidigidi, tí a fi ọ̀já irin pẹlẹbẹ wé dípò wáyà róbótó. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ń dán lábẹ́ ìka, kì í han bí ọwọ́ bá ń lọ lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Páálí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 12 dé 52 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà, okùn kẹta inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a wé. Ó dára fún orin pẹ̀lẹ́ lábẹ́ ohùn akọrin, bí ọwọ́ ẹni tí ń ta á bá ti gbó.

Ṣùgbọ́n orin tiwa ń béèrè ohun mìíràn. I. K. Dairo, tí ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ní 1957, tí ó sì kú ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè níhìn-ín ní Èkìtì ní 1996, jẹ́ kí gbogbo wa mọ bí gìtá jùjú ti ń dún: ó mọ́ gaara, ó kúrú, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láàrin ìlù. Okùn pẹlẹbẹ yóò rì sínú ìlù bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, okùn oníwáyà róbótó, nọ́ńbà 10, ni ó yẹ ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ìjọ wa. Kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lo 9, kí ìka rẹ̀ má bàa bó. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo, 9 yóò máa yà kúrò ní ohùn nígbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́. (Kí Ernie Ball tó bẹ̀rẹ̀ sí ta páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní California ní 1962, okùn báńjò ni àwọn ọ̀dọ́ onígìtá ibẹ̀ ń yá lò.)

Ẹ má ṣe fò láti 9 sí 12 lójijì. Ọrùn yóò tẹ̀ síwájú, okùn yóò ga ju bí ó ti yẹ lọ, ohùn òkè yóò sì ṣìnà. Irin kan wà nínú ọrùn náà tí a fi kọ́kọ́rọ́ kékeré ń yí láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni kí ó yí i, díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe so okùn irin mọ́ gìtá tí a ṣe fún okùn ọ̀rá. Yóò fa igi rẹ̀ ya. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò lára okùn, nítorí òógùn ni ó ń mú un dípẹtà. Kí ẹ sì gé ibi tí a kọ nọ́ńbà sí lára páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí gìtá, kí ẹni tí a óò rán lọ sí Adó lẹ́yìn èyí lè mú un dání fún oníṣọ́ọ̀bù.