Okùn Iṣan Ọrùn Ọwọ́ tí Ẹlòmíràn Kò Ní

  

Ẹni tó ń ki ìrun wákàtí márùn-ún a máa fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tó wà nínú Súrátùl Máídà, áàyà 6. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wo apá tí à ń fọ̀ náà. Omi ti kọjá lórí rẹ̀, ó parí. Lóṣù yìí, apá yẹn gan-an la fẹ́ wò, pàápàá inú ọrùn ọwọ́, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹlòmíràn ní, tí ẹlòmíràn kò sì ní.

Ẹ jẹ́ kí á jọ wò ó. Ẹ tẹ́ apá ọ̀tún yín sílẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ẹ fi orí àtàǹpàkò kan orí ìka ọmọńdinrín. Kí ẹ wá ká ọrùn ọwọ́ náà díẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín. Bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá yọ lábẹ́ awọ, láàárín ọrùn ọwọ́ gan-an, òun là ń sọ. Okùn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níhà àtàǹpàkò, tó nípọn jù ú lọ. Ẹ má ṣi ìyẹn mú. Ẹni tó bá sanra lè má fi ojú rí i, kí ó fi ìka ọwọ́ kejì wá a. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ọwọ́ òsì wò, nítorí ẹlòmíràn ní in ní ọwọ́ kan tí kò ní in ní èkejì.

Palmaris longus ni àwọn dókítà ń pe iṣan yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara eegun tó yọ kókó ní ìgúnpá, níhà tó kọjú sí ìhà wa. Ẹran rẹ̀ kúrú, kò sì tóbi. Ní nǹkan bí àárín apá ló ti di okùn funfun gígùn, tó sì ń bọ̀ wálẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Ìgbàjá líle kan wà níbẹ̀ tó de àwọn okùn ọwọ́ mọ́lẹ̀. Abẹ́ ìgbàjá yìí ni àwọn okùn tó ń ká ìka gbà kọjá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni tiwa yìí gbà, kí ó tó lọ fọ́nká sínú awọ líle tó wà nínú àtẹ́lẹwọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń bá àwọn tó lágbára jù ú lọ ká ọrùn ọwọ́, ó sì ń fa awọ àtẹ́lẹwọ́ le nígbà tí a bá di nǹkan mú.

Ìwé àwọn dókítà sábà máa ń sọ pé nínú ènìyàn 100, bí 14 tàbí 15 ni kò ní in. Iye yìí kò dọ́gba káàkiri ayé. Àwọn tí kò ní in pọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù, wọ́n sì kéré gan-an láàárín àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà. Wọ́n ti wò ó lára àwa Yorùbá náà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé àwọn tí kò ní in láàárín wa kò tó 10 nínú 100. Àwọn tó ní in pàápàá kò rí bákan náà. Ti ẹlòmíràn jẹ́ méjì lápá kan ṣoṣo. Ti ẹlòmíràn dorí kodò: okùn ló wà lókè, ẹran ló wà nísàlẹ̀ nítòsí ọrùn ọwọ́. Èyí tó dorí kodò yìí máa ń fa ìnira nígbà mìíràn, nítorí ẹran náà lè wú nígbà iṣẹ́ àṣekára kí ó sì tẹ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ máa kú.

Ìdí tí a fi ń sọ gbogbo èyí ni pé àwọn ọmọdé a máa fi okùn yìí ṣeré láàárín ara wọn, ní ilé-ìwé àti ní ilé-kéwú. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá yọ lè gbọ́ pé apá òun kò pé, tàbí pé òun kò ní lágbára. Ọmọ a gbé ẹkún wálé. Àwọn òbí mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè lọ wá ẹni tí yóò sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́ ọmọ, níbi tí abẹ kò yẹ kí ó dé rárá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wọn agbára ọwọ́ àwọn tó ní iṣan yìí àti ti àwọn tí kò ní in, bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú àti bí wọ́n ṣe ń fi ìka fún nǹkan, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan. Kì í ṣe àrùn, kò sì sí òògùn kankan tí a ó lò fún un.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé Súrátù Tīn kò kọ́ wa pé ní ìrísí tó dára jù lọ ni Ọlọ́hun dá ènìyàn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n pé ìrísí dára kò sọ pé gbogbo ara gbọ́dọ̀ jọra. Nínú Súrátù Rūm, áàyà 22, Ọlọ́hun ka ìyàtọ̀ èdè wa àti àwọ̀ wa mọ́ àwọn àmì Rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà lábẹ́ awọ ọrùn ọwọ́ kò burú ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ lójú tiwa.

Àwọn olùkọ́ kan a máa sọ pé iṣan yìí kò wúlò mọ́. Àwa kò fara mọ́ ọn. Bí okùn iṣan mìíràn bá já ní ọwọ́ tí kò sì ṣeé so padà, okùn palmaris wà lára ibi àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ abẹ máa ń wò láti rí ohun tí yóò fi dí àlàfo náà. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sún mọ́ awọ, yíyọ rẹ̀ kì í sì í dín agbára ọwọ́ kù. Wọ́n tún ń lò ó láti gbé ìpéǹpéjú tó wọ́ sílẹ̀ sókè. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, dókítà Frank Jobe yọ ọ́ ní apá ọ̀tún Tommy John, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Los Angeles Dodgers, ó sì fi rọ́pò okùn tó so eegun mọ́ eegun tó ti bàjẹ́ ní ìgúnpá ọwọ́ òsì rẹ̀. Ní 1976 ọkùnrin náà padà sórí pápá, ó sì ń ṣeré títí di 1989. Ohun tí a lè yá lọ́wọ́ apá kan láti fi tún èkejì ṣe kì í ṣe ohun tí kò wúlò. Bí dókítà bá wá sọ fún ẹnì kan nínú ẹbí yín pé òun fẹ́ yọ ọ́, kí ẹ béèrè bóyá ó ti yẹ̀ ẹ́ wò pé aláìsàn náà ní in. Ìbéèrè náà kì í ṣe àfojúdi, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ nísinsìnyí.

Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pe ohun mẹ́rin. Ẹran ara tó ń súnkì, iṣan ni. Okùn funfun tó so ẹran yẹn mọ́ eegun, iṣan ni. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà ni. Èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ tó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ bọ̀ wá sí ọwọ́, iṣan la tún ń pè é. Nígbà tí wọ́n bá wá ní “iṣan ló gé”, a kò mọ èwo. Ní inú ọrùn ọwọ́, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sún mọ́ra. Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan tó ń jẹ́ median wà lábẹ́ okùn palmaris gan-an, díẹ̀ síhà àtàǹpàkò. Òun ló ń jẹ́ kí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìdajì ìka tó tẹ̀lé e mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn, òun náà ló sì ń gbé àtàǹpàkò dìde kí ó lè pàdé àwọn ìka yòókù. Lára ẹni tí kò ní palmaris, ààbò tó wà lórí median dín kù, ó sún mọ́ awọ sí i. Àwọn dókítà fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé wọ́n ti gé median lára aláìsàn tí wọ́n rò pé palmaris ni wọ́n ń yọ.

Nítorí náà, ẹ má fojú kékeré wo ọgbẹ́ inú ọrùn ọwọ́. Gíláàsì fèrèsé lè fà á, àdá lè fà á. Nígbà ọdún Iléyá, nígbà tí gbogbo ilé ń pa àgbò tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ọ̀bẹ mímú bó awọ, ọ̀bẹ lè yọ̀. Ọgbẹ́ náà lè kéré lójú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tètè dá, síbẹ̀ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ ti gé. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má ṣí i wò léraléra, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ, kí ẹ sì kọrí sí ilé ìwòsàn. Kò sí epo pupa, kò sí kẹrosíìnì, kò sí ewé, kò sí ọṣẹ ìfọyín. Bí gíláàsì bá há sínú rẹ̀, ẹ má fà á yọ. Ẹ béèrè fún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìpá ojú ọgbẹ́ mú ènìyàn.

Lójú ọ̀nà, ẹ lè yẹ nǹkan méjì wò. Kí ẹni náà di ojú, kí ẹ fi òwú kan orí àwọn ìka rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, lọ́wọ́ méjèèjì, kí ó sọ bóyá bákan náà ló ṣe ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbìyànjú láti fi àtàǹpàkò kan ìka ọmọńdinrín. Bí èyíkéyìí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ ọ́ fún dókítà ní kíákíá, kí wọ́n má baà kàn rán awọ nìkan kí wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ ilé. Orí okùn tó gé máa ń sá padà sínú ẹran. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ó ń ṣòro sí i láti fà á pàdé.

Ní ti àlùwàlá, àwọn onímọ̀ fiqh ti ṣàlàyé pé ẹni tí wọ́n di ọgbẹ́ rẹ̀, tí omi lè pa lára, yóò fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì náà, yóò sì fọ ibi tó kù. Ẹ bi lẹ́mọ́mù yín nípa bí ọ̀rọ̀ tiyín bá ṣe rí. Ẹ má tú báńdéèjì nítorí ìrun.

Bí wọ́n bá ti so median padà, kí ẹ fi sùúrù sí i. Iṣan ìmọ̀lára a máa hù ní nǹkan bí mìlímítà 1 lóòjọ́, nítorí náà láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ọ̀rọ̀ oṣù ni. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ìka náà kò mọ gbígbóná. Ìyá tó ń dáná lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí ọwọ́ rẹ̀ jó láìmọ̀, àfi ìgbà tó bá rí i pé ó ti bó. Ọwọ́ tó dá ṣáṣá ni kí ó máa fi tọ́ omi wò kí ó tó fi wẹ ọmọ.